Ogun Ìmàgbọn, 1892: ìwé ló kọ́kọ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde kí ìbọn tó wọ̀ ọ́

Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lọ́nà mọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni ogun ti jà tán létí odò Yemọjí, lẹ́bàá Ìmàgbọn, ibẹ̀ náà ni ogun ọ̀hún sì ti gba orúkọ tí àwọn bàbá wa fi ń pè é títí dòní. Láyé àwọn àgbà, Ogun Ìmàgbọn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Wọ́n á ní wọ́n ti bí lágbájá kí Ìmàgbọn tó jà, tàbí pé ó ti ń rákò nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń sọ nípa ogun yìí, ìbọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ní Maxim, ìbọn tí ń yìn láìdákẹ́, Ìjẹ̀bú ò ní, ó parí. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Mo fẹ́ tẹ̀lé iṣẹ́ tí wọ́n rán síra wọn ṣáájú ogun àti lẹ́yìn ogun: lẹ́tà, wáyà, ońṣẹ́, ẹ̀bùn tí wọ́n dá padà, àti ìwé kan tí ọwọ́ àwọn ìjòyè Ìjẹ̀bú kò kàn. Ẹni tó bá to wọ́n tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ọ̀nà tí ìròyìn gbà dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ ní London ló ti dá ẹjọ́ Ìjẹ̀bú kí ọmọ ogun kankan tó wọ ọkọ̀ ní Èkó.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀sà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Èkó wà létí òkun. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wà lókè. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló wà láàárín wọn, ọ̀sà sì ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ìkòròdú, Ẹ̀jìnrìn, Itòìkín, Ẹ̀pẹ́: èbúté wọ̀nyí ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti Èkó gòkè. Epo pupa àti èkùrọ́ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Ìjẹ̀bú ló ń gba ti òkè lọ́wọ́ ará òkè, òun náà ló ń gba ti òyìnbó lọ́wọ́ ará Èkó. Kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn. Oníbodè ń gba owó bodè, pàmpá ń ṣètò ọjà, Òṣùgbó ń ṣòfin, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sì jókòó lórí ìtẹ́ tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Oríkì ìlú náà kò fi bò: Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Àwọn ará ìta gbọ́ ìkà nínú rẹ̀. Èmi gbọ́ òfin ìṣòwò tí wọ́n fi ẹ̀rù wé, kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ má baà dán an wò. Ìlú tí ń jẹun lórí ọ̀nà kò lè jẹ́ kí gbogbo ayé máa gba ọ̀nà náà kọjá bó ṣe wù wọ́n.

Nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ìbàdàn dojú kọ Ekìtìparapọ̀, ìyẹn Ekìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ọ̀nà yìí di ohun ìjà. Ìjẹ̀bú tì í mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú ìlú kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ sá kúrò nílé lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1883, nítorí pé ogun ti sú àwọn ìjòyè rẹ̀, òun kò sì fẹ́ dẹwọ́. Ní 1886, àlàáfíà díẹ̀ dé, wọ́n fọwọ́ síwèé, Túnwàṣe sì gorí ìtẹ́ lọ́dún náà. Èkó kò yéé ráhùn pé ọ̀nà kò là tó.

Ẹ̀dùn ọkàn tí Ìjẹ̀bú ní sí Èkó náà wà ńlẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ síbí nítorí pé kì í sábà hàn nínú ìwé ìjọba bó ṣe rí lára àwọn tó ń dùn. Ẹrú tó bá sá lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, tó bá ti dé Èkó, ó ti di òmìnira. Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú Haúsá tó sá báyìí ni ìjọba Èkó sọ di ọmọ ogun. Olówó ẹrú ní Ìjẹ̀bú kò bìkítà nípa ẹ̀tọ́ ẹrú rẹ̀, ẹ̀bi ńlá sì nìyẹn lọ́rùn àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lójú wọn ni pé Èkó ń kó ohun ìní wọn, ó sì ń fi ìbọn lé e lọ́wọ́.

Ohun tí Ìjẹ̀bú ti rí kó tó di 1892

A ò lè lóye ìdí tí Túnwàṣe àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fi ń fura sí ìwé àti ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n gbé Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ sá wá sí Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọba, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1854. Ní oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n mú ìwé mìíràn lọ bá Dòsùnmú ọmọ Akítóyè, ọkọ̀ ogun Prometheus sì dúró sórí omi. Ó fọwọ́ sí i, Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. Ní 1863, ogun dé Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1865, tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé Rẹ́mọ ń jẹ́ kí Ìbàdàn kọjá, Gómìnà Glover ló rán ọmọ ogun láti Èkó tó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú àgọ́ wọn ká.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wò láti Ìjẹ̀bú-Òde kò ṣòro. Ìwé dé, owó ọdọọdún dé, ilẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ogun tó bá sì lè gba Ìkòròdú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, ó lè gba Ìkòròdú fún ara rẹ̀.

Ìjẹ̀bú náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi ìròyìn ránṣẹ́. Àrokò kan wà tí Ọ̀túnba Payne ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1880. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Payne, ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Ó ní Awùjalẹ̀ ló fi àrokò náà ránṣẹ́ sí ọba Èkó ní òpin ọdún 1851, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọba Èkó náà padà sórí oyè. Owó ẹyọ 8 ni, tí wọ́n so ní méjìméjì, tí wọ́n kọjú síra: àlàáfíà ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín ọba sí ọba. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àrokò ni pé kì í dá rìn. Ẹnì kan ló máa ń mú un dání, ẹni náà ní ojú, ó ní ẹnu, ó mọ ìdílé tí wọ́n rán an sí. Bí ọ̀rọ̀ bá rú ọba lójú, á bi ońṣẹ́. Òwe wa tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, iṣẹ́ irú àwọn ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàpèjúwe: wọ́n lè rọ ọ̀rọ̀ tó le kí ogun má baà tìdí ẹ̀ jáde.

Wáyà kò ní irú agbára yẹn. Láti 1886 ni wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ London. Gómìnà lè tẹ wáyà lónìí kí èsì sì dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà wọ́n, olówó gọbọi ni, nítorí náà wọ́n máa ń gé e kúrú ni: ọ̀nà tì, wọ́n dá àdéhùn, mo fẹ́ àṣẹ. Lẹ́tà tó gùn ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú òkun. Nígbà tí lẹ́tà bá fi máa dé, ìpinnu lè ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ìjẹ̀bú kò ní ẹ̀ka nínú wáyà náà. Kò sí ọ̀nà tí Túnwàṣe lè gbà sọ ti ẹnu rẹ̀ fún ẹni tó ń dá ẹjọ́ ní London àyàfi kó gba ẹnu Gómìnà tó ń pè é lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀bùn Denton

Ní oṣù Karùn-ún 1891, Denton tó ń dele Gómìnà ní Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó mú ẹ̀bùn dání fún Awùjalẹ̀, ó sì mú ọmọ ogun Haúsá tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tó bá wá ni pé kí wọ́n la ọ̀nà, kí èrò àti ẹrù máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Awùjalẹ̀ kò gba ẹ̀bùn náà, kò sì gba ọ̀rọ̀ náà. Denton padà sí Èkó.

Ẹ wo àwòrán yẹn láti ojú ìta ààfin. Àlejò wọlé tẹ̀bùn-tẹ̀bùn, àwọn tó gbé ìbọn lẹ́yìn rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹrú tó sá kúrò nílẹ̀ yìí gan-an. Nínú ìṣe wa, ẹni gba ẹ̀bùn ti gba nǹkan mìíràn mọ́ ọn; ọba tó gba ẹrù lọ́wọ́ ọba mìíràn ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹrù náà. Dòsùnmú ti gba tirẹ̀. Lójú mi, kíkọ̀ tí Túnwàṣe kọ̀ jẹ́ ìdáhùn pípé sí ìbéèrè tí wọ́n bi í: rárá, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ.

Nínú ìwé Èkó, ìdáhùn yẹn yí orúkọ padà. Ó di àfojúdi sí aṣojú ọbabìnrin. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ tí Èkó ń bá Ìjẹ̀bú ṣe kì í ṣe ti ọ̀nà nìkan mọ́, ti ìtọrọ àforíjì ti dà á pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó bodè ṣeé dúnàá-dúrà, a lè sọ ọ́ sọ́tùn-ún sósì fún ọdún mẹ́wàá. Ti àfojúdi kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájangbilà, tó bá tọrọ àforíjì, ó jẹ̀bi, tí kò bá tọrọ rẹ̀, ó tún jẹ̀bi.

Gómìnà tuntun, Gilbert Carter, dé Èkó ní 1891 kan náà. Kì í ṣe onísùúrù. Kó tó di pé ọdún yí, ó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Awùjalẹ̀ pé kí ó wá tọrọ àforíjì, kí ó sì la ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó fara mọ́ ọn.

Kálámù tí wọn kò fọwọ́ kàn

Ibi tí mo gbà pé ẹjọ́ yìí ti yí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ dé Èkó. Wọ́n lọ bá Gómìnà ní Ilé Ìjọba ní Marina. Wọ́n tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ Denton. Wọ́n gbọ́ ohun tí Gómìnà ń béèrè: kí ọ̀nà là fún gbogbo ènìyàn àti gbogbo ẹrù, kí wọ́n má gba owó bodè mọ́, Èkó yóò sì máa san £500 fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún dípò ohun tó máa pàdánù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá ku ìfọwọ́sí.

Àwọn ìjòyè kò fọwọ́ kan kálámù.

Ẹni tí kò mọ̀wé kì í ṣe ju kó fọwọ́ kan kálámù lọ nígbà náà, akọ̀wé á sì bá a fa àmì sórí ìwé. Nǹkan kékeré ni lójú akọ̀wé. Àwọn ìjòyè wọ̀nyí kọ̀ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó, tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ tó mọ̀wé, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún wọn, Ọ̀túnba Payne sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ọkùnrin kan náà tó ṣàlàyé àrokò Awùjalẹ̀ fún òyìnbó.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, ro ó bọ̀. Àwọn kan á ní ìwà àgàbàgebè ni: wọ́n gbà lẹ́nu, wọ́n kọ̀ lọ́wọ́. Mi ò gbà. Ońṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n rán wọn láti tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti tọrọ rẹ̀. Ta ló rán wọn láti fi ọ̀nà Ìjẹ̀bú lélẹ̀? Ọ̀rọ̀ owó bodè kan pàmpá, ó kan Òṣùgbó, ó kan gbogbo ilé tó ń jẹun ní Ẹ̀jìnrìn àti Orù. Ọba fúnra rẹ̀ kò lè dá a ṣe. Ìjòyè tó bá fọwọ́ kan kálámù lórí ọ̀rọ̀ tí ìlú kò tíì jókòó lé lórí, kí ni yóò sọ nígbà tó bá délé? Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ni ohun tó bá òfin mu jù lọ tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Mo sì gbà pé rere ni àwọn tó fọwọ́ sí i ń wá. Wọ́n mọ Èkó, wọ́n mọ ohun tí ìbọn Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe, wọ́n fẹ́ ra àkókò fún ilé wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ti ní orúkọ lábẹ́. Nígbà tó bá máa dé London, kò sí ẹni tó máa rí ọwọ́ tó fà sẹ́yìn. Àdéhùn ni wọ́n rí, ó pé, ó dé, ó ṣeé dá. Ẹni tí kò bá sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, adàdéhùn ni.

Oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún

Kò pẹ́. Ní oṣù Kejì, òyìnbó oníwàásù kan fẹ́ gba Ìjẹ̀bú kọjá sókè, wọ́n dá a padà. Èkó ní ẹ̀rí tó ń wá. Carter kọ̀wé sí Lord Knutsford, mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè ní London, pé Ìjẹ̀bú ti sọ ọ̀rọ̀ di ṣeréṣeré, agbára ló kù.

Lákòókò kan náà, Ẹ̀gbá náà ti tì ọ̀nà tiwọn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, àsìkò kan náà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, èrò náà sì ni pé bí Ìjẹ̀bú bá ṣubú, Ẹ̀gbá á gbọ́n. Bó sì ṣe rí nìyẹn: Ẹ̀gbá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Carter ní oṣù Kìn-ín-ní 1893 láìjẹ́ pé wọ́n yìnbọn. Ìjìyà tí ìlú méjì jọ yẹ fún, tí ọ̀kan ṣoṣo jẹ, kò ṣeé pè ní ìdájọ́.

Àwọn kan lára ọ̀mọ̀wé Èkó ti ogun náà lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀nà tó tì ń pa òwò wọn lára. Àwọn kan sọ̀rọ̀ lòdì sí i. Àlùfáà James Johnson, tí ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára rẹ̀, wà lára àwọn tí kò gbà pé ìbọn ni ó yẹ kó la ọ̀nà fún Ìyìn Rere. Ohùn irú wọn kò gba inú wáyà kọjá.

London fọwọ́ sí i. Ọ̀gágun Francis Scott, tó ń ṣolórí ọlọ́pàá ológun ní Gold Coast (Ghana òde òní), ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Wọ́n kó ọmọ ogun Haúsá ti Gold Coast àti ti Èkó jọ, wọ́n kó àwọn ti West India Regiment mọ́ wọn, àwọn ọmọ Ìbàdàn díẹ̀ sì bá wọn lọ. Gbogbo wọn lé ní 400, láìka aláàárù. Wọ́n kó àgbá kéékèèké, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìbọn Maxim dání.

Odò Yemọjí

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kúrò ní Èkó. Wọ́n gba ọ̀sà lọ, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ láìjà. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ilẹ̀ gbọ́kàn lé ni wọ́n gbà wọlé bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè, ọ̀nà tóóró nínú igbó, èrò kan lẹ́yìn èrò kan, Ìjẹ̀bú sì ń ti inú igbó yìnbọn lù wọ́n.

Ìjẹ̀bú kò dúró sẹ́yìn yàrà ìlú. Létí odò Yemọjí ni wọ́n ti pàdé wọn, lọ́jọ́ 19. Ọgbọ́n ogun ni. Ẹni tó ń la odò kọjá kò lè sáré, kò lè sá pamọ́, omi dé ìbàdí rẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ sókè kó má baà tutù. Ìjẹ̀bú wà ní òdìkejì nínú igbó, wọ́n pọ̀ ju ọ̀tá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ìbọn wọn kì í sì í ṣe ìbọn ọdẹ nìkan. Ìlú tó ti ń ta ìbọn fún gbogbo òkè láti ìgbà pípẹ́ kò lè ṣaláìní ti ara rẹ̀.

Ìròyìn àwọn òyìnbó ní àwọn Haúsá kọ̀ láti wọ omi nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti fi ènìyàn rúbọ sí òrìṣà odò náà, àfìgbà tí àwọn ọ̀gá wọn kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ń ṣe nínú ìròyìn ogun. Ó sọ ọ̀gá di akíkanjú, ó sọ Haúsá di onígbàgbọ́ asán, ó sọ Ìjẹ̀bú di apààyàn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dá wọn dúró létí omi lè jẹ́ ohun tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró: ọta tó ń bọ̀ láti òdìkejì.

Maxim àti àgbá ló parí rẹ̀. Wọ́n ń da ọta sínú igbó níbi tí Ìjẹ̀bú wà, bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń la omi. Ìbọn tó ń yin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ tún un kì, kò lè dojú kọ ìbọn tí kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé òkè odò, ogun tún jà ní Ìmàgbọn, Ìjẹ̀bú sì tú ká. Ìwà akin kò wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò sọ pé ogun náà rọrùn.

Ìlú tó dákẹ́

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Túnwàṣe kò sá. Ó wà nínú ààfin rẹ̀, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Mo ka èyí sí nǹkan ńlá, nítorí pé Fìdípọ̀tẹ̀ tó jẹ ṣáájú rẹ̀ sá nígbà tí ìjòyè rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, Kòsọ́kọ́ sì sá nígbà tí àgbá dún. Ọba tó dúró de ọ̀tá nínú ilé rẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ìdógò fún ìlú. Wọn kò rọ̀ ọ́ lóyè. Ó wà lórí ìtẹ́ títí tó fi wàjà ní 1895, abẹ́ àsíá ẹlòmíràn ló sì wà. Wọ́n fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá sílẹ̀ sí ìlú, ọ̀nà là, owó bodè di ohun ìtàn.

Wáyà dé London. Lẹ́tà tẹ̀lé e. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń ka òkú àti ẹni tó fara gbọgbẹ́ ní apá tiwọn, ọ̀gá àti ọmọ ogun, wọ́n máa ń dárúkọ ẹni tó ṣe gudugudu méje. Ti ọ̀tá, ìfojúdíwọ̀n ni. Wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn tó jà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní East and West Africa Medal, ọ̀pá fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè rẹ̀ kò sì ní ohun kankan lára ju 1892 lọ. Kò sí Ìjẹ̀bú, kò sí Ìmàgbọn. Carter di Sir Gilbert ní 1893.

Ní apá tiwa, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Scott. Orúkọ àwọn tó kú wà lẹ́nu ìdílé wọn, nínú oríkì, nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Àwọn agbolé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ọ̀nà yẹn ṣì mọ tiwọn. Ó yẹ kí ẹnì kan máa gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nísinsìnyí, pẹ̀lú orúkọ agbolé, kí ìwé kan má baà dá wà títí láé.

Ohun tó tẹ̀lé e yára. Ìbàdàn gba ajẹ́lẹ̀ nípa àdéhùn ní oṣù Kẹjọ 1893. Ibùdó Kírìjì ti tú lọ́dún náà. Oníwàásù tí wọ́n ń dá padà tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Láàárín ọdún díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kún Ìjẹ̀bú débi pé ó ya àwọn oníwàásù fúnra wọn lẹ́nu. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tún rìn jáde lọ ṣòwò sí àwọn ìlú tí wọ́n ti ń dènà mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe é dáadáa.

Rẹ́mọ ló kù. Ní 1894, Akárìgbò Oyèbájò, ọba Rẹ́mọ, fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Carter, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ààbò Èkó. Kò sí ogun, kò sí odò tí ẹnikẹ́ni là kọjá. Ìmàgbọn ti ṣe iṣẹ́ náà fún wọn ní ọdún méjì ṣáájú. Ìwé yẹn ni Rẹ́mọ wá mú jáde léraléra nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó wọn sábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde: wọ́n ní àwọn bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀, ọba sí ọba. Àríyànjiyàn náà dé iwájú ìwádìí ìjọba ní 1937, lásìkò Akárìgbò Adédoyin, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi fún Rẹ́mọ ní ìṣàkóso tirẹ̀.